Ìṣẹ́tí Tí Ń Gbé Iná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. N kò mọ òwe tí ó bá ìtàn tí mo fẹ́ sọ mu jù èyí lọ. Ohun kan wà láyé tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá to mílíọ̀nù 3 rẹ̀ lé ara wọn, gíga gbogbo wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 1. Ohun náà wà lẹ́nu pẹ́ńsù tí olúkúlùkù wa fi kọ́ ìwé kíkọ ní kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó yà á sọ́tọ̀ wò dáadáa títí ọ̀rúndún ogún fi kọjá lọ. Nígbà tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ tán, ó gbé ìbéèrè kan dìde tí ó ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìbéèrè náà nìyí: ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ohun kan dí iná mànàmáná lọ́nà ní gbogbo àárín ara rẹ̀, kí ó sì máa gbé iná náà kọjá ní etí rẹ̀ nìkan, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a fi òwú hun, ṣùgbọ́n tí a fi wáyà ṣẹ́ etí rẹ̀?

Ìdáhùn ni pé ó ṣeé ṣe, wọ́n sì ti rí i. Bí wọ́n ṣe rí i ni mo fẹ́ ròyìn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà nínú ìtàn náà tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Nígbàkígbà tí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ àwọn onímọ̀ físíìsì ni a máa ń kì, àwọn ni a sì ń fi ẹ̀bùn dá lọ́lá. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì a wá dà bí ọmọ tí ó pọnmi ìgbéyàwó, tí a kò sì ránṣẹ́ pè nígbà tí oúnjẹ délẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìbejì ni ìmọ̀ méjèèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ròyìn ọ̀kan, tí ó fi èkejì sílẹ̀, ìdajì ìtàn ni ó sọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ní Borrowdale ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn rí òkúta dúdú kan tí ó rọ̀, tí ó sì ń fi àmì sílẹ̀ lára ohunkóhun tí ó bá kàn. Àwọn darandaran a máa fi sàmì sára àgùntàn wọn. Wọ́n rò pé irú òjé kan ni, ìdí nìyẹn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹnu pẹ́ńsù ní òjé títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjé kò sí níbẹ̀ rárá. Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́mísírì ní ilẹ̀ Swídìn, ni ó fi hàn ní ọdún 1779 pé kábọ́ọ̀nù ni, ọmọ ìyá èédú tí a fi ń dáná àti òkúta dáyámọ́ńdì tí àwọn olówó fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Orúkọ rẹ̀ di gíráfáìtì.

Bí gíráfáìtì ṣe rí nìyí. Ó dà bí ẹní tí a tò lé ẹní. Nínú ẹní kọ̀ọ̀kan, àwọn átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù jókòó ní igun mẹ́fà mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí afárá oyin. Ká sọ pé kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ mẹ́rin. Ó fi mẹ́ta di àwọn aládùúgbò rẹ̀ mú pinpin, ó sì na ìkẹrin sókè. Àwọn mẹ́ta tí ó dìmú ni kì í jẹ́ kí ẹní náà ya. Èyí tí ó nà sókè ni ó ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń sáré káàkiri, tí ó sì ń gbé iná. Ẹní kan kò di ẹní kejì mú gidigidi; ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣí wọ́ sórí ìwé nígbà tí a bá ń fi pẹ́ńsù kọ̀wé. Mo rọ̀ yín kí ẹ di ọwọ́ kẹrin yìí mú sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dá lé.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi kẹ́mísírì wọ àárín àwọn ẹní náà, tí iṣẹ́ wọn sì wà lákọsílẹ̀, ni Benjamin Brodie, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford. Ní ọdún 1859, ó fi ásíìdì nítíríkì líle àti pọtásíọ́ọ̀mù kilórétì ṣiṣẹ́ lára gíráfáìtì lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un ṣe títí tí ohun náà fi di wẹ́wẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣí. Ọ́síjìn ni ó ti wọlé, tí ó di àwọn ọwọ́ tí ó nà sókè mú, tí ó sì ti àwọn ẹní sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Brodie rò pé òun ti rí irú kábọ́ọ̀nù tuntun, ó sì sọ ọ́ ní Graphon. Ibẹ̀ ni kò ti bọ́ sí i, nítorí kò sí irú kábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ṣòfò. Ó ti fi hàn pé a lè fi kẹ́mísírì tú ìdì ẹní yìí, pé a sì lè yí ìwà rẹ̀ padà.

Ọdún 88 kọjá kí físíìsì tó dé ibẹ̀. Ní ọdún 1947, Philip Wallace, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Kánádà, fẹ́ mọ bí iná ṣe ń rìn nínú gíráfáìtì, nítorí wọ́n ń lò ó nínú ẹ̀rọ agbára átọ́ọ̀mù. Kí ìṣirò rẹ̀ má bàa le jù, ó kọ́kọ́ ṣe é fún ẹní kan ṣoṣo. Ó rí ohun ìyanu. Nínú irin, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nínú rọ́bà tàbí gíláàsì, àlàfo kan wà láàárín ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà àti ibi tí ó ti lè máa sáré, kò sì ní agbára tí yóò fi fò ó. Ẹní kan ṣoṣo yìí kì í ṣe irin, kì í ṣe rọ́bà. Àgbègbè méjì náà fi ẹnu kan ara wọn ní ojú kan péré, bí àrọ méjì tí a fi ẹnu wẹ́wẹ́ wọn kan ara. Kò sí àlàfo láàárín wọn, wọn kò sì wọnú ara wọn.

Ṣé ẹní kan ṣoṣo lè dá dúró lóòótọ́? Ní àwọn ọdún 1930, Peierls àti Landau, àgbà ọ̀mọ̀wé méjèèjì, ti fi ìṣirò sọ pé ohun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ báyìí kò lè wà láyè ara rẹ̀. Ooru yóò gbọ̀n ọ́n túká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì wá a mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1962, Hanns-Peter Boehm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì mú irú ohun tí Brodie ṣe, wọ́n yọ ọ́síjìn rẹ̀ kúrò, wọ́n sì rí àwọn awẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó fẹ́lẹ́ jọjọ lábẹ́ ẹ̀rọ awohun-kékeré tí ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni Boehm. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Setton àti Stumpp, náà ni ó dá orúkọ gíráfíìnì lábàá ní ọdún 1986 fún ẹní kan ṣoṣo yìí. Nígbà tí Andre Geim àti Konstantin Novoselov wá fi téèpù alẹ̀mọ́ bó gíráfáìtì ní Manchester, tí wọ́n bó o títí ó fi ku ẹyọ ẹní kan, tí wọ́n sì rán iná gba inú rẹ̀ ní ọdún 2004, ọmọ náà ti ní orúkọ kí wọ́n tó gbé e jáde sí gbangba. Ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì dé ọwọ́ àwọn méjèèjì ní ọdún 2010. Ó tọ́ sí wọn, nítorí àwọn ni wọ́n fi ìwà rẹ̀ han ayé. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó kí ó tó kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á fi gíráfíìnì sílẹ̀ ná, kí á lọ wo ọ̀rọ̀ etí. Ní ọdún 1879, Edwin Hall, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, mú wúrà tí a lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó gbé e sáàárín òòfà, ó sì rán iná gba inú rẹ̀. Ó rí i pé òòfà náà ń ti iná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọdún 1980, ní òru ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì, Klaus von Klitzing ará Jámánì ń ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe wúrà ni ó lò bí kò ṣe ohun tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nì ṣe, nínú èyí tí wọ́n há àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ ojú pẹrẹsẹ kan. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ púpọ̀, òòfà náà sì le. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé bí iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ìdènà iná náà yóò máa yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀ tí ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àtẹ̀gùn ni Klitzing rí. Ìdènà náà dúró lórí 25,812.807 óòmù tí a pín sí 1, tàbí sí 2, tàbí sí 3, tàbí sí 4. Kò dúró sáàárín. Ìyàtọ̀ ìrísí ohun tí ó lò kò yí i padà, ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò sì yí i padà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985, láti ọdún 1990 ni gbogbo ayé sì ti ń fi àtẹ̀gùn náà ṣe òṣùwọ̀n ìdènà iná.

Báwo ni ohun tí ó ní ìdọ̀tí ṣe lè bí iye tí ó pé géérégé tó báyìí? David Thouless pẹ̀lú Kohmoto, Nightingale àti den Nijs ni ó dá ìbéèrè yìí lóhùn ní ọdún 1982. Kí ìdáhùn wọn lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ebu àwọn amọ̀kòkò. Bí amọ̀kòkò bá mú ìṣù amọ̀ tútù, ó lè fi mọ àwo. Ó lè tún àwo náà fọwọ́ fà kí ó di ìṣaasùn, láì dá a lu. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ mọ ajere, dandan ni kí ó dá ihò sí i lára. A lè ka ihò náà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Kò sí ajere tí ó ní ihò kan ààbọ̀. Fa ajere tútù náà gùn, tẹ̀ ẹ́ wọ́rọ́kọ́, fi iyanrìn yí i lára. Níwọ̀n ìgbà tí o kò bá dí ihò, tí o kò sì dá òmíràn lu, iye ihò kò yí padà. Ìmọ̀ ìṣirò tí ń ka irú ohun tí kì í yí padà bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní tópólọ́jì. Ohun tí Thouless àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé àtẹ̀gùn Klitzing ń ka irú iye bẹ́ẹ̀ nínú ìgbì àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí kò fi lè bà á jẹ́.

Láti ibẹ̀ ni a ti dé orí etí. Bí inú ohun kan bá ní iye 1, tí òfurufú tí ó yí i ká sì ní òdo, ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí iye náà ti ń yí padà. Iye náà kò sì lè yí padà àfi bí àlàfo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá pa dé, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò kò ṣe lè sọ ajere di ìṣaasùn láì dí ihò. Etí ni ibi náà. Níbi tí àlàfo bá ti pa dé, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rí ọ̀nà gbà. Nítorí náà, iná tí ń gba etí kọjá kì í ṣe èèṣì, kì í sì í ṣe àbùkù. Gbèsè tí àárín jẹ ni etí ń san.

Ṣùgbọ́n òòfà ńlá ni ó ń mú gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1988, Duncan Haldane fi ìṣirò hàn pé a lè ṣe é láìsí òòfà ńlá láti òde, àfi kí ohun náà ní ètò afárá oyin, kí àwọn òòfà kéékèèké inú rẹ̀ sì máa pa ara wọn rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé náà pé kò dà bí ẹni pé irú ohun tí òun ṣàpèjúwe lè wà gan-an. Ọdún 16 lẹ́yìn náà ni afárá oyin gíráfíìnì jáde ní Manchester.

Charles Kane àti Eugene Mele ní Philadelphia ni ó so okùn méjèèjì pọ̀ ní ọdún 2005. Ẹ rántí òkòtó tí àwọn ọmọdé máa ń ta. Ó lè yí sí ọ̀tún, ó lè yí sí òsì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìwà kan tí ó jọ yíyí òkòtó, ìrìn rẹ̀ yí inú átọ́ọ̀mù ká sì ń fa yíyí náà. Kane àti Mele sọ pé ìfà yìí yóò ṣí àlàfo sáàárín àrọ méjì Wallace, àti pé ní etí gíráfíìnì, àwọn tí òkòtó wọn ń yí sí ọ̀tún yóò máa lọ síwájú, àwọn tí ti wọn ń yí sí òsì yóò máa bọ̀ lẹ́yìn. Ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láì fara kan ara. Bí ìdọ̀tí bá dábùú ọ̀nà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè ṣẹ́rí padà, nítorí kí ó tó lè padà, òkòtó rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí sódì. Ìdọ̀tí tí kì í ṣe òòfà kò sì ní agbára bẹ́ẹ̀. Kò sí òòfà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àbá tí ó rẹwà ni.

Ìṣòro kan ṣoṣo ni ó wà: gíráfíìnì kò gbà. Ìfà tí mo wí yìí ń pọ̀ sí i bí átọ́ọ̀mù bá ṣe wúwo tó, kábọ́ọ̀nù sì fúyẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ láàárín àwọn átọ́ọ̀mù kò ju 6 lọ. Kane àti Mele fojú bù ú pé àlàfo náà yóò tó ìwọ̀n kélífíìnì 2 àti díẹ̀. Àwọn tí ó tún un ṣírò lẹ́yìn wọn rí i pé kò tó 1 pàápàá. Ooru tí ó kéré jù lọ yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ náà rẹwà, ṣùgbọ́n ilé tí a bí i sí kò lè bọ́ ọ.

Níbí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà fún wa. Àbá náà kò kú. Ní ọdún 2006, Bernevig, Hughes àti Shou-Cheng Zhang ní Stanford sọ pé kí á wá a lọ sínú àkópọ̀ mẹ́kúrì àti tẹlúríọ́ọ̀mù, nítorí àwọn wọ̀nyí wúwo. Wọ́n ní bí ó bá ti nípọn ju nánómítà 6 àti díẹ̀ lọ, ìwà etí yóò hàn. Ní ọdún 2007, Markus König, Laurens Molenkamp àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Würzburg ṣe é, wọ́n sì rí i gẹ́gẹ́ bí a ti wí, nínú òtútù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin òtútù. Ẹni tí ó bá ní kí á da àbá Kane àti Mele nù nítorí pé gíráfíìnì kò gbà á, òun ì bá ti da èso nù mọ́ ewé.

Nígbà yìí gan-an ni kẹ́mísírì padà wọlé. Ní ọdún 2009, àwọn ará Manchester fi háídírójìn bo gíráfíìnì. Háídírójìn di ọwọ́ kẹrin kábọ́ọ̀nù mú, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń sáré dúró, ohun tí ń gbé iná sì di ohun tí ń dí iná. Wọ́n gbé e sínú ooru, háídírójìn kúrò, iná tún padà. Ní ọdún 2010, wọ́n fi fúlóríìnì ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan dábàá pé bí a bá fi ìwọ̀nba átọ́ọ̀mù wíwúwo bí índíọ́ọ̀mù tàbí tálíọ́ọ̀mù wọ́n orí gíráfíìnì, wọn yóò yá a ní ìfà tí kò ní. Ní ọdún 2013, ìwádìí kan ní Singapore fi hàn pé háídírójìn díẹ̀ péré pàápàá lè mú ìfà náà pọ̀ sí i gidigidi. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí Ọlọ́run dá ni a ń wò láti mọ ìwà rẹ̀. Nísinsìnyí, a ń yan ìwà tí a fẹ́, a sì ń wá ohun tí a ó fi kùn ún lára tí yóò fi hu ìwà náà.

Àpẹẹrẹ tí ó yé mi jù lọ ni ti tíìnì. Ìdílé kan náà ni tíìnì àti kábọ́ọ̀nù, ọwọ́ mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tíìnì jẹ́ 50. Ní ọdún 2013, Yong Xu, Shou-Cheng Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìṣirò lórí ẹní kan ṣoṣo tí a fi tíìnì ṣe. Wọ́n ní bí a bá fi fúlóríìnì di ọwọ́ kẹrin rẹ̀ mú, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó kù, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹní náà, ni ìfà yóò ṣiṣẹ́ lé lórí, àlàfo yóò sì tó nǹkan bí 0.3 eV. Agbára ooru inú yàrá tí a jókòó sí yìí kò ju nǹkan bí 0.025 eV lọ. Nítorí náà, àlàfo náà jẹ́ ìlọ́po 12 ooru tí ó lè bà á jẹ́. Kò ní gba òtútù kankan. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe tíìnì nìkan ni ó ṣe é, kì í sì í ṣe ìṣirò tópólọ́jì nìkan. Fúlóríìnì tí ó di ọwọ́ kẹrin mú, irú iṣẹ́ tí ọ́síjìn Brodie ṣe lára gíráfáìtì ní ọdún 1859, ni ó sọ ọ́ di ńlá bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í fi àgbàdo tí kò tíì gbó yangàn lọ́jà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà tẹ́ ẹní tíìnì yìí ní ọdún 2015, orí bísímọ́ọ̀tì tẹlúráìdì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ẹ sí sì sọ ọ́ di ohun tí ń gbé iná ní gbogbo ara, kì í ṣe ní etí nìkan. Ìṣirò sọ ohun kan, ilẹ̀ sọ òmíràn. Àwọn ará Würzburg ni ó sọ ìṣòro yìí di àǹfààní ní ọdún 2017. Wọ́n tẹ́ afárá oyin bísímọ́ọ̀tì, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 83, sórí sílíkọ́ọ̀nì kábáìdì. Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó di ọwọ́ tí ó nà sókè-sódò mú, tí ó ṣe iṣẹ́ tí fúlóríìnì ì bá ṣe, àlàfo sì tó nǹkan bí 0.8 eV. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní MIT fi tọ́ńsítìnì tẹlúráìdì tí ó jẹ́ ẹní kan ṣoṣo gbé iná gba etí títí dé ìwọ̀n kélífíìnì 100, èyí tí í ṣe òtútù 173 nísàlẹ̀ òdo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà kúrú gan-an. Ní ọdún 2023, àwọn ará Twente ní ilẹ̀ Họ́láńdì fi agbára iná láti òde yí ìwà etí padà nínú ẹní tí a fi jámáníọ́ọ̀mù ṣe.

N kò gbọdọ̀ gbàgbé àbá Haldane. Ní Beijing, ní ọdún 2013, Xue Qikun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú èyí tí Chang Cui-Zu wà, mú àkópọ̀ bísímọ́ọ̀tì, áńtímónì àti tẹlúríọ́ọ̀mù tí ó fẹ́lẹ́, wọ́n fi kírómíọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ó di òòfà fúnra rẹ̀, àtẹ̀gùn Klitzing sì jáde láìsí òòfà láti òde. Ọdún 25 ni ó gbà kí ohun tí ẹni tí ó dá a lábàá rò pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba kírómíọ́ọ̀mù tí a mọ bí a ṣe ń pò ó ni ó là á já. Ní ọdún 2016, Thouless, Haldane àti Kosterlitz gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ tópólọ́jì. Shou-Cheng Zhang kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Thouless sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹrin ọdún 2019.

Ẹnìkan lè dìde kí ó wí pé: ìṣirò ni ọba, ohun èlò kàn jẹ́ dígí tí ọba fi ń wo ojú ara rẹ̀ ni, bí kì í bá ṣe tíìnì, ì bá jẹ́ bísímọ́ọ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Iye ihò ara ajere kò bìkítà bóyá amọ̀ pupa ni tàbí amọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n mo bi onítọ̀hún pé: bí kò bá sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń po amọ̀, ajere wo ni yóò ka ihò ara rẹ̀? Kane àti Mele ní àbá tí ó pé, kò sì rí ibi gbé nínú gíráfíìnì. Àwọn tí ó mọ ohun tí átọ́ọ̀mù kan lè ṣe lára èkejì ni wọ́n ń wá ilé fún un. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Táyé ni ó kọ́kọ́ jáde láti tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé tẹ̀lé e, Kẹ́hìndé sì ni a pè ní ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ pe físíìsì ní ẹ̀gbọ́n, n kò jà. Ṣùgbọ́n kẹ́mísírì ni ó kọ́kọ́ jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wí pé ọmọ kan ṣoṣo ni a bí.

Ìdí tí mo fi ń rọ ẹjọ́ yìí kì í ṣe nítorí àwọn òkú tàbí nítorí ẹ̀bùn. Nítorí wa ni. Bí a bá kọ́ àwọn àbúrò wa pé ẹni tí ó ní àbá nìkan ni ọ̀mọ̀wé, tí ẹni tí ń fọ ìgò, tí ń po oògùn, tí ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹwàá, kàn jẹ́ ọmọ iṣẹ́, wọn yóò sá kúrò nídìí ìgò. A óò wá ní ọ̀pọ̀ àbá tí kò rílé gbé. Iná tí ń gba etí kọjá láì ṣẹ́rí padà kò tíì di ohun ìlò ojoojúmọ́. Èyí tí ó kù kí ó tó dé inú ilé wa, ọwọ́ tí ń po ohun pọ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, kì í ṣe ìṣirò nìkan.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹgbẹ́ wa yìí. Àwọn kan máa ń wí pé èdè Yorùbá kò lè gbé irú ìmọ̀ yìí. Afárá oyin, òkòtó, àrọ, ajere àti ìṣẹ́tí aṣọ ni mo fi sọ ìtàn yìí, n kò sì rò pé mo fi èyí tí ó ṣe kókó sílẹ̀. Orúkọ àwọn átọ́ọ̀mù àti àwọn ọ̀rọ̀ mélòó kan mìíràn ni mo yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì yá ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ Látìn àti Gíríìkì. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń kọ́ kẹ́mísírì, àwọn tí ń kọ́ físíìsì àti àwọn tí ń kọ́ Yorùbá jókòó pọ̀, kí wọ́n sì jọ sọ ọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.